Ọgọ́ta Àga ní Ìdí-Ìyeyè

“Méjì ni,” ni Màmá Àsàkẹ́ wí.

Ọmọ mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ń fa etí ìró rẹ̀, èkejì ń jẹ ìyeyè, ẹ̀kẹta sì ti jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, ó di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi mú, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣeé jẹ. Mo wo ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo wo ìyá wọn àgbà. Ojú màmá kò tilẹ̀ ṣẹ́.

“Màmá, ṣé ó dá yín lójú?”

“Ìbíwùnmí, ṣé èmi ni mi ò ní mọ ọmọ inú ilé mi? Mo ní méjì. Gbà á bẹ́ẹ̀, kí o máa bá tìrẹ lọ.”

Kò sí ohun tí mo lè ṣe. Òfin ni pé ohun tí ẹnu alágbàtọ́ bá sọ ni kí n tún sọ, n kò gbọdọ̀ fi kún un, n kò sì gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀. “Méjì,” ni mo wí. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi gbọ́, ó tan iná aláwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ní ọ́fíìsì káńsù, Òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ tó ń pín nǹkan ìjọba, ti fi méjì kún mọ́kàndínlógójì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé Màmá Àsàkẹ́ ni ilé kẹtàlélógún, òun ló sì kẹ́yìn. Gbogbo ọmọ Ìdí-Ìyeyè jẹ́ mọ́kànlélógójì lójú ìjọba. Ilé-ìwé tí ọmọ rẹ̀ kò bá pé ọgọ́ta, títì ni wọ́n ń tì í.

Ìlẹ̀kẹ̀ yìí ti jẹ́ kí ojú mi rí màbo. Ọjọ́ tí mo búra fún ìjọba ìbílẹ̀ wa ni wọ́n gbé e kọ́ mi lọ́rùn, kò sì ṣeé bọ́ títí ọdún méje tí gbogbo onímọ̀ ìṣírò jẹ ìlú rẹ̀ ní gbèsè iṣẹ́ yóò fi pé. Nọ́ńbà yòówù tó bá ti ẹnu mi jáde, Òṣùwọ̀n ti gbà pé òótọ́ ni, yóò sì fi ṣiṣẹ́. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo dúró lọ́dọ̀ ìyá ọlọ́sàn kan, mo ní kí ó fún mi ní mẹ́fà. Kí oṣù náà tó parí, káńsù ti gbẹ́ kànga mẹ́fà sí ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìka rajà. Ẹ wo èmi tí nọ́ńbà jẹ́ oúnjẹ mi láti kékeré, n kò gbọdọ̀ pe ẹyọ kan lẹ́nu láìjẹ́ pé ìjọba rán mi.

Kì í ṣe pé orí àwọn tó ṣòfin yìí dàrú o. Nígbà ayé àwọn bàbá wa, èèyàn ló ń pín nǹkan ní káńsù. Bí wọ́n bá ní kí ìlú ka ara rẹ̀, ìlú tí kò lè kún ṣọ́ọ̀ṣì kan á ní òun jẹ́ ọ̀kẹ́ márùn-ún. Wọ́n á ka òkú, wọ́n á ka àlejò, ewúrẹ́ tó bá sún mọ́ tòsí gan-an kò ní lọ lásán. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú ayé, wọ́n gbé ojú-ẹ̀rọ kọ́ òpó kí ó máa ka èèyàn láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọdún tí ojú-ẹ̀rọ ka àwọn ọmọ Ìdí-Ìyeyè tán ni ikọ́ burúkú wọ̀lú. Màmá Àsàkẹ́ nìkan sin ọmọ mẹ́rin. Ọmọ-odó ni àwọn ìyá fi fọ́ àwọn ojú náà mọ́ òpó, ìjà yẹn sì tàn dé ibi tó pọ̀. Òun ló bí òfin òní: ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wo ọmọ ènìyàn mọ́. Ẹnu òbí ni yóò sọ iye, ẹnu onímọ̀ ìṣírò tó búra ni yóò sì gbé e lọ.

Ohun tí àwọn aṣòfin gbàgbé ni pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí o bá fi dandan lé e pé kí ìyá kan sọ iye ọmọ rẹ̀ ní ìlú wa, yóò yọ ọ̀kan kúrò. Kò kà á sí irọ́. Ó fi ọ̀kan yẹn pamọ́ ni, kí ibi má baà mọ ojú gbogbo wọn. Èmi gan-an ni ìyá mi máa ń yọ. Bí àlejò bá bi í, á ní ọmọ méjì lòun bí, èmi tí mo jẹ́ ẹ̀kẹta á sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, inú mi á máa dùn pé èmi ni ó fi pamọ́. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tó ti kú. Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí.

Nítorí náà, mo mọ iye náà. Ilé mẹ́tàlélógún, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí a fi pamọ́ nínú ilé kọ̀ọ̀kan: ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ilé-ìwé wa pé, ó tún ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n kò sí òbí kan tó fi ẹnu sọ ọ́, bí mo bá sì dá a sọ, mo ti jẹ́ ẹlẹ́rìí èké, mo sì ti ka ọmọ ọlọ́mọ.

Mo kọjá sí ilé-ìwé. Tíṣà Abídèmí, ọ̀gá ilé-ìwé náà, ń pa pátákó rẹ́. Òun àti èmi la jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nínú yàrá yẹn nígbà tí a wà ní kékeré, ó sì máa ń wo iṣẹ́ mi kọ títí ọ̀gá wa fi mú wa.

“Ó pé àbí kò pé?” ni ó bi mí.

Mo mi orí.

Ó fi aṣọ ìnupátákó sílẹ̀. “Wọ́n á kó fìlà dé nìyẹn.”

Fìlà ẹ̀kọ́ ló ń wí. Ìlú tí wọ́n bá ti ilé-ìwé rẹ̀, káńsù á fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní fìlà kan, á dé e nílé fún wákàtí mẹ́ta lóòjọ́, gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀ á sì wọ̀ ọ́ lórí. Mo ti rí àwọn ọmọ fìlà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀pọ̀tọ́. Wọ́n mọ̀wé, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Mo bi ọmọdébìnrin kan níbẹ̀ ìdí tí a kò fi lè fi òfo pín nǹkan. Ó dáhùn wẹ́rẹ́, kò sì ṣì í sọ. Mo ní, “Ṣé ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀?” Ó wò mí títí. Kò sí ẹni tó bi í ní irú ìyẹn rí. Ní tiwa, níbi tí mo dúró sí yìí, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Abídèmí fi bá ọ̀gá wa jà pé irọ́ ni, òfo ṣeé fi pín, ẹni tí kò bá gbà kó wá wo oúnjẹ tí wọ́n pín fún òun. Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà ló sọ mí di onímọ̀ ìṣírò.

“O ò lè bá Òṣùwọ̀n sọ ọ́ ni?” ni Abídèmí wí. “O mọ̀ pé wọ́n pé. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ewúrẹ́ ìlú yìí mọ̀ ọ́n.”

“Ẹnu òbí ni wọ́n fẹ́.”

“Tún lọ bá Màmá Àsàkẹ́. Bí òun bá sọ ọ́, gbogbo wọn ló máa sọ ọ́.”

Mo padà lọ. Màmá ti ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé: ọ̀sán ọ̀la ni Òṣùwọ̀n yóò pa ìwé rẹ̀ dé, bí kò bá rí iye tó fẹ́, wọ́n á ti ilé-ìwé. Kò gbójú sókè.

“Kí wọ́n tì í,” ni ó wí. “Ilé-ìwé tí a tì ṣeé ṣí, ọmọ mi. Ibi tí mo ti àwọn mẹ́rin mi mọ́ kò ṣeé ṣí.”

“Màmá, ikọ́ ló pa wọ́n. Kì í ṣe kíkà.”

“Ìwọ lo kàwé, o sì mọ̀ ju èmi lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n kà wọ́n lóṣù Ọ̀wàrà, wọ́n kú lóṣù Bélú. Ṣé kí n tún dán an wò ni?”

Mo bá a ṣa ẹ̀wà díẹ̀, mo dìde.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ nípa ara mi báyìí. Ọ̀la tí mò ń wí yìí ni ọdún méje mi yóò pé. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àyè mi ṣí sílẹ̀ ní Ilé Ìwádìí tó wà létí odò lókè lọ́hùn-ún. Kí n tó búra, mo lo ọjọ́ mẹ́wàá níbẹ̀. Àwọn tó ti sin ìlú wọn tán máa ń bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ wọn sínú igbá ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí àgbàlagbà obìnrin kan tó bọ́ tirẹ̀ tán, tó dúró ní àgbàlá, tó ń kígbe, “Igba! Ẹgbẹ̀rún! Òjìlélẹ́gbẹ̀ta!” láìsí ìdí kankan, omijé ń dà lójú rẹ̀. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń bèèrè pé kí ni ẹ fẹ́ fi ìmọ̀ yín ṣe. O lè fi oṣù mẹ́fà ronú sí nǹkan kan kí o sì wá sọ pé kò ṣeé ṣe mọ́, wọ́n á ní kú iṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni ọkàn mi ń fà sí ibẹ̀. Bí mo bá ń ka òpó iná fún káńsù, ibẹ̀ ni ọkàn mi wà. Bí mo bá ń wọn koríko, ibẹ̀ ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọdẹ́tòkun, olùkọ́ mi, ló ń dúró dè mí. Ẹ̀rí ìṣírò kan wà tí àwa méjèèjì ti ń fà fún ọdún méjìlélógún. Apá kan rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, apá tó le jù wà nínú orí rẹ̀, kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ rí nítorí ó ní ìwé máa ń mú ọ̀lẹ bá ìrònú. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Láti ọdún tó kọjá, orí náà ti ń jò bí àmù tó sán. Bí mo bá dé ní ọjọ́ Ajé, mo ṣì lè bá a gbé ohun tó kù. Bí mo bá pẹ́, n kò mọ ohun tí n óò bá.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le, àbí? Kí n fi ìwé sílẹ̀ bó ṣe wà, kí n bọ́ ìlẹ̀kẹ̀, kí n máa lọ. Mo ti pinnu bẹ́ẹ̀ gan-an, mo sì kọjá sí ilé-ìwé kí n lè dágbére fún Abídèmí.

Mo bá a níbi tó ti ń bu ẹ̀wà fún àwọn ọmọ. Ó to àwo sórí tábìlì, ọmọ kan á mú kan, á lọ. Àwo tán. Abídèmí gbójú sókè, ó rí àwọn tó ṣì tò, ó pariwo sí ilé ìdáná: “Ẹ mú àwo wá, àwọn ọmọ pọ̀ ju àwo lọ!”

Mo ní, “Báwo lo ṣe mọ̀?”

“Báwo ni mo ṣe mọ kí ni?”

“Pé wọ́n pọ̀ jù ú lọ. O ò kà wọ́n.”

Ó wò mí bí ẹni tó rí wèrè. “Ìbíwùnmí, àwo tán, ọmọ kù. Kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀?”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo ọdún méjìlélógún tí mo ń wí yìí, orí ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn ni wọ́n dúró lé. Nǹkan tí kò lópin wà, nǹkan mìíràn tí kò lópin tún wà tó jù ú lọ, kò sì sí ẹni tó lè ka èyíkéyìí nínú wọn tán. Ohun tí à ń ṣe ni pé à ń fi ọ̀kan ti ọ̀kan, kí a wo èwo ló ṣẹ́kù. Mo ti gbé ìmọ̀ náà lọ sí ojú ọ̀run tó jìnnà jù lọ, n kò sì rántí pé ó lè jókòó sórí àga.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo lọ bá Alága káńsù. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan ni, Ọ̀ṣúnkúnlé lórúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ka ohun tí Òṣùwọ̀n bá sọ sí etí ìgbọ́ aráàlú, kí ó sì máa gba èébú rẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí ìwé pé mo fẹ́ yá ọgọ́ta àga, kí ó buwọ́ lù ú pé ọgọ́ta ni lóòótọ́. Ó bi mí ìdí rẹ̀, mo sọ fún un. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀.

“Dókítà, àga kò nira. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà lọ síwájú Òṣùwọ̀n, ẹ̀rí tuntun ló máa pè é. Ẹ mọ òfin.”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà.”

“Ẹni tó mú ẹ̀rí tuntun wá ni yóò dúró tì í ní ìlú tó ti mú un wá. Ọdún márùn-ún gbáko, kí wọ́n fi rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Àyè yín ní Ilé Ìwádìí ńkọ́?”

“Ẹni tó kàn nínú ìwé ni wọ́n máa fún.”

Ó nu ìgò ojú náà. “Iye tí àwọn òbí sọ wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá gbé ìyẹn kalẹ̀, òótọ́ lẹ sọ lábẹ́ òfin. Kò sí ẹni tó máa bá yín wí, èmi náà kò ní bá yín wí.”

Inú bí mi sí i nítorí pé òótọ́ ló sọ. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi pé dandan ni, kí n lè máa sunkún pé wọ́n fipá mú mi. Mo ní kí ó ṣáà bá mi kó àga dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a to àga sí ojú pápá ilé-ìwé. Àwọn òbí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń fura. Màmá Àsàkẹ́ di ọmọ rẹ̀ mú.

“Kí ni gbogbo àga yìí, Ìbíwùnmí?”

“Àga ni, Màmá. Àga ni a kà, a ò ka ẹnikẹ́ni. Mi ò ní bèèrè iye lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣáà jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó.”

“Gbogbo wọn?”

“Àwọn tó bá fẹ́ jókòó.”

Ó rò ó. Ó rò ó pẹ́. Àwọn ìyá yòókù ń wo ẹnu rẹ̀. Níkẹyìn, ó tú ọwọ́ àwọn ọmọ sílẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, pápá ti dàrú: ọmọ ń sáré, ọmọ ń ti ara wọn, méjì ń jà lórí àga kan, àwọn tí mi ò rí rí yọ láti ẹ̀yìn ilé, ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ láti orí igi. Gbogbo ọmọ tí wọ́n fi pamọ́ ní ìlú wa ló jáde sí oòrùn lọ́jọ́ náà.

Àga tán. Ọmọ ṣì ń rìn kiri. Ọmọ Màmá Àsàkẹ́, èyí tó jókòó lé mi lẹ́sẹ̀ lánàá, wá àyè títí, kò rí, ó bú sẹ́kún láàárín pápá.

“Ẹ̀yin káńsù yìí, irú kí nìyí!” ni Màmá Àsàkẹ́ ké. “Ẹ pe ọmọ jáde, ẹ ò wá àga fún un! Àga ò tó!”

“Àga ò tó!” ni àwọn ìyá yòókù gbà á.

Mo di ìlẹ̀kẹ̀ mú. Mo ní, “Àwọn ọmọ Ìdí-Ìyeyè pọ̀ ju ọgọ́ta àga lọ.”

“Iye?” ni Òṣùwọ̀n wí láti inú ìlẹ̀kẹ̀. Òṣùwọ̀n kì í kí èèyàn.

“Mi ò ní iye. Ẹ̀rí ni mo ní.”

“Ẹnu ta ni?”

“Ẹnu òbí ni. Wọ́n ní àga kò tó.”

Abídèmí dì mí lọ́wọ́ mú, ìka rẹ̀ tutù.

“Ẹ̀rí tuntun,” ni Òṣùwọ̀n wí. “Ọdún márùn-ún. Ṣé o dúró tì í?”

Mo rí fèrèsé tó kọjú sí odò. Mo rí pátákó, mo rí ṣọ́ọ̀kì, mo rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú rẹ̀ tó ń wá ọ̀rọ̀ tó sọnù. Mo fẹ́ ibẹ̀. Ọlọ́run ló mọ̀ bí mo ṣe fẹ́ ibẹ̀ tó.

“Mo dúró tì í.”

“Ilé-ìwé Ìdí-Ìyeyè wà ní ṣíṣí.”

Ariwo tó sọ kò kéré. Abídèmí ń sunkún, ó ń pe orúkọ mi. Màmá Àsàkẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó wá bá mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn mí léjìká. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó tó, mo yọ́ wọ inú yàrá ìkàwé kan, mo ti ilẹ̀kùn, mo pe Ilé Ìwádìí lórí fóònù.

“Ẹ káàsán, sà. Ìbíwùnmí ni.”

“Ìbíwùnmí! Ọmọ mi! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ọ́.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àga, àwo, òfin, ọdún tí mo tún fi kún tèmi. Ó gbọ́ ọ délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí àwọn ìyá ti pariwo, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́, tó fi jẹ́ pé ikọ́ gbé e.

“Ẹ̀rí tó rẹwà nìyẹn,” ni ó wí. “Kò sí ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ tó yẹ kí a yọ. Ìbá wù mí kó jẹ́ èmi ni mo rò ó.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dárí jì mí. Mi ò ní lè wá. Ẹ bá mi kọ apá tiyín sílẹ̀, bó ti wù kó rí.”

“Ìdáríjì kí ni? O ṣe ohun tó tọ́. Iṣẹ́ wa á dúró dè ọ́.” Mo gbọ́ bó ṣe ń fa àga, bó ṣe ń ṣí nǹkan. Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ tún dùn bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é. “Ìbíwùnmí! Ọjọ́ Ajé lò ń bọ̀, àbí? Mo ti fọwọ́ ara mi gbá yàrá rẹ. Ṣé kí n tì í ni, àbí kí n ṣí i sílẹ̀ dè ọ́?”

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò gbé ẹrù wọ yàrá náà lọ́jọ́ Ajé. Lẹ́yìn ògiri, àwọn ọmọ ṣì ń jà sí àga.

“Ẹ ṣí i sílẹ̀, sà,” ni mo wí. “Mò ń bọ̀.”